Tàdáwà Nínú Yàrá Ẹ̀rọ

Ìgò tàdáwà kan ló dá Ínísípẹ́kítọ̀ Rose dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ohun tó kù nínú yàrá yẹn ló bá ara wọn mu: wáyà lọ́tùn-ún lósì, fáànù ńlá méjì lójú fèrèsé, pẹpẹ onírin tí eruku ti fi ojú ẹ̀rọ méjì hàn lórí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti gbé wọn kúrò. Ṣùgbọ́n tàdáwà? Omi dúdú tí àwọn ọmọ kéú fi ń kọ̀wé sára wàláà onípákó? Kí ló gbé e dé inú yàrá ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wa owó ní àdúgbò Under G, láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ògbómọ̀ṣọ́?

Ó gbé ìgò náà, ó mì ín. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kálàmù onígi dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì dúdú.

"Ebenezer, ta ló ni èyí?"

"Basit ni, mà." Ebenezer ni ọ̀rẹ́ olóògbé, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gba yàrá náà. Ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tí kò sùn. "Mo bi í léèrè. Ó ní òun fẹ́ kọ nǹkan sílé màmá òun. Onítẹ̀bọmi ni mí, mà, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń kọ."

"Èmi náà onítẹ̀bọmi ni. Ìyẹn ò ní kí ojú wa fọ́." Rose nawọ́ sí okùn tí wọ́n ta láti ògiri dé ògiri. Ṣòkòtò jíǹsì mẹ́ta rọ̀ sórí rẹ̀. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ni wọ́n. Bí òjò bá ti ń dá wọn láàmú, ibí ni wọ́n ń sá aṣọ sí. Ooru ẹ̀rọ yẹn ò kéré, mà. Basit kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Látìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó lè wá mú tiẹ̀." Ó yíjú sí ògiri kí Rose má bàa rí i bó ṣe ń sunkún. Rose kò sì wò ó. Ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, ó mọ ìgbà tó yẹ kí ọlọ́pàá máa ka wáyà lára ògiri.

Ẹni tó bá ti jalè rí ní ìlú Ọ̀yọ́ mọ obìnrin yìí. Arínúróde ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Bí ó bá ti jókòó tì ọ́, tó ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ, tó ń bá ọ rẹ́rìn-ín, a jẹ́ pé ó ti mọ ibi tí ẹrù wà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ yìí kò pa á lẹ́rìn-ín rárá.

Basit, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni tírélà gbá lórí ọ̀kadà lójú ọ̀nà tó lọ sílé. Kò sí àdììtú nínú ikú yẹn. Ohun tó fi sílẹ̀ ni àdììtú wà. Láti ìgbà tó ti wà ní yunifásítì ló ti ra ẹ̀rọ àlòkù méjì, tó ń fi wọ́n ṣeré bí ẹlòmíràn ti ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré. Àwọn ẹ̀rọ náà ń ṣe ìṣirò tọ̀sán-tòru, ìṣirò náà sì ń mú owó kírípítò wá díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń kán sínú ìkòkò. Basit kò ná an rí. Ó kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àṣẹ nǹkan kékeré kan tó dà bíi fúláàṣì, tí wọ́n ń pè ní wọ́lẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tí Basit nìkan mọ̀ ló ń ṣí i. Bí ẹlòmíràn bá ń ṣì í tẹ̀, wọ́lẹ́ẹ̀tì yóò pa gbogbo ohun inú ara rẹ̀ rẹ́. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo ló kù tó lè dá owó náà padà: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rìnlélógún, tí olówó gbọ́dọ̀ kọ pa mọ́ síbì kan. Kò sí máníjà báǹkì tí èèyàn máa lọ bẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, owó náà sọnù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n bá wọ́lẹ́ẹ̀tì nínú báàgì Haneefah, ìyàwó Basit. Ìyá Basit gbé e lọ fún oníkọ̀ǹpútà kan ní Akẹ̀sán, ìyẹn ń tẹ nọ́ńbà, ó ń tẹ̀ ẹ́, àfìgbà tí wọ́lẹ́ẹ̀tì pa ara rẹ̀ rẹ́. Wọ́n ní kí Haneefah kó ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún jáde. Haneefah ní kò sí lọ́wọ́ òun, ó sì pa ẹnu dé. Ni Ìyá Basit bá gba tẹ́ṣàn lọ. Ó ní olè ni. Ó ní ńṣe ló ń dúró kí opó parí kó fi owó ọmọ òun lọ fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó ní Ìbùkúnọlá, ọmọ ọwọ́ tí Basit fi sáyé, ọ̀dọ̀ òun ni yóò dàgbà sí títí láé, torí a kì í fi ọmọ sọ́wọ́ olè. Bí opó tí kò yẹ kó tiẹ̀ yọjú síta ṣe di ẹni tó wà ní àtìmọ́lé nìyẹn, tí ọmú rẹ̀ ń sẹ̀ sára aṣọ ọ̀fọ̀. Ọ̀gá Ọlálékan, Dí-pí-ò wọn, sì ti sọ fún Rose pé, "Màmá, bí kò bá la ẹnu títí Jímọ̀, kóòtù ni."

"Ẹ̀rọ méjèèjì dà?" Rose bi Ebenezer.

Ọmọkùnrin náà wolẹ̀. "Mo ti tà wọ́n."

"O ti tà wọ́n! Ẹ̀rọ òkú?"

"Ẹ má bínú, mà. Ìdí ariwo wọn ni mo jókòó sí nígbà tí wọ́n pè mí pé ó ti kú. Mo pa wọ́n, yàrá wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn tún wá burú jùyẹn lọ. Mo ní kí wọ́n kúkú kúrò ńlẹ̀." Ó na fóònù rẹ̀ síwájú. "Owó rẹ̀ nìyí, àkáǹtì Ìyá Basit ni mo sanwó sí lọ́jọ́ náà gan-an. Saifudeen ló rà á, ní Sábó."

Rose wò ó, òótọ́ ni. Ẹni tí ó rò pé olè ni kò jẹ́ nǹkan kan ju ọ̀rẹ́ tí ọ̀fọ̀ fọ́ lórí lọ. Ó dá fóònù padà fún un.

"Ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún yẹn, ibo ni Basit lè kọ ọ́ sí?"

"A jọ máa ń jiyàn lé e ni, mà. Gbogbo wa tó ń ṣe é, ìkìlọ̀ kan náà là ń kìlọ̀ fúnra wa: má yà á ní fọ́tò, má gbé e sórí fóònù, má fi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan. Èmi, irin ni mo fín tèmi sí. Basit ní irin ń pe olè. Ó ní ibi tí òun máa fi tòun sí, bí olè bá rí i, àṣàlámù aléékúmù ló máa kí i, á sì kọjá lọ."

Rose tún gbé ìgò tàdáwà wò. "Ó ní kí ló ń kọ nígbà tó ń lo èyí?"

"Kò sọ. Ara páálí ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ti ń dán ọwọ́ wò. Inú páálí náà ni mo sì di ẹ̀rọ sí fún Saifudeen."

Rose fi ìgò àti kálàmù sínú báàgì rẹ̀. Kò dúró mọ́.

*

Ní Sábó, Saifudeen jókòó sáàárín tẹlifíṣọ̀n àlòkù àti fáànù tí kò ní apá. Sábó ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ já geere ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ.

"Hájíà, ẹ káàbọ̀."

"Èmi kì í ṣe Hájíà o. Ọlọ́pàá ni mí."

"Ìyá tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi, Hájíà ni. Ẹ̀rọ wo lẹ fẹ́ rà?"

"Ẹ̀rọ Basit."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ó ní òun kò tíì lè tà wọ́n, torí oníbàárà kan ní òun ò ra ẹrù òkú. Ó fa páálí méjì jáde lábẹ́ tábìlì. Ara ẹ̀gbẹ́ páálí kejì ni Rose ti rí ohun tó ń wá: ìlà mẹ́ta, dúdú kirimú, ní lẹ́tà Lárúbáwá. Wọ́n kọ wọ́n lákọtúnkọ, èyí tó kẹ́yìn ló gún jù.

"Sọ fún mi, súrà wo nìyí?"

Saifudeen tẹjú mọ́ ọn, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. "Kì í ṣe súrà kankan. Kì í ṣe èdè Lárúbáwá rárá."

"Hausa ńkọ́?"

"Bàbá mi máa ń fi lẹ́tà yìí kọ Hausa sílé, àjàmí là ń pè é. Ṣùgbọ́n èyí, Hausa kọ́. Mo lè pè é jáde, mi ò kàn mọ ohun tó ń wí."

"Pè é jáde bẹ́ẹ̀."

"Rífà." Ó fi ìka tọ́ ọ. "Sọ́ọ̀tì. Ládà."

Rose ní kó tún un pè. Ó tún un pè. Rífà, ìyẹn odò. Sọ́ọ̀tì, iyọ̀. Ládà, àkàbà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò bára tan, tí Basit fi aṣọ kéú bò lórí! Mẹ́ta péré nínú mẹ́rìnlélógún. Ó ń dán ọwọ́ wò títí ọwọ́ rẹ̀ fi gún, ó sì dáwọ́ dúró, ó lọ kọ ojúlówó rẹ̀ síbòmíràn.

Rose jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n kan tó ti kú. Ẹni tó ń fi tàdáwà dánwò lórí páálí, kì í ṣe orí páálí ló fẹ́ kọ̀wé sí. Kò sì sí ohun méjì tí wọ́n dá tàdáwà sáyé fún.

*

Ní tẹ́ṣàn Ọ̀yọ́, wọ́n mú Haneefah jáde wá. Ó ti ta ìbòrí rẹ̀ mọ́ àyà kí wọ́n má bàa rí ibi tí wàrà ti sẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Rose.

"Ẹ kú ìrìn, mà. Ṣé Ìyá ti ń jẹun?"

Ìbéèrè tó béèrè lánàá nìyẹn, òun náà ló béèrè lónìí. Kò béèrè ìgbà tí wọ́n máa tú u sílẹ̀. Kò ṣépè fún ẹni tó fẹ̀sùn kàn án.

"Dìde, jókòó. Haneefah, gbọ́ ohun tí mo gbọ́ ní Sábó. Rífà. Sọ́ọ̀tì. Ládà."

Ọmọbìnrin náà fò dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ojú rẹ̀ là bí ojú ẹni tí wọ́n sọ fún pé òkú rẹ̀ ti jí. "Níbo lẹ ti rí i? Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀? Ṣé ó kọ òmíràn sílẹ̀?"

"Mẹ́ta péré ni."

Ó rọra jókòó padà.

Rose fa àga sún mọ́ ọn. Ó ti rí ohun tó wá rí. "Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀ kì í bẹ́ sókè bí wọ́n bá ní àwọn rí kọ́kọ́rọ́, Haneefah. Ẹ̀rù ló máa ń bà á. Ìwọ, inú rẹ dùn. A jẹ́ pé kò sí lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n o bi mí bóyá ó kọ *òmíràn*. A jẹ́ pé o mọ èyí tó kọ́kọ́ kọ, o sì mọ̀ pé ó ti lọ. Ta ló bà á jẹ́? Ta lò ń bò?"

Haneefah fi ìbòrí bo ẹnu.

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni kóòtù. Bí o bá lọ, ọmọ rẹ á dàgbà pẹ̀lú orúkọ pé olè ni ìyá rẹ̀."

Omijé ń já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu kò là. Nígbà tí wọ́n ń mú un padà, ó bojú wẹ̀yìn. "Bí ẹ bá dé ilé, mà, ẹ bá mi bẹ Ìyá kí wọ́n máa fi omi gbígbóná wẹ ọmọ. Àyà rẹ̀ ò fẹ́ òtútù."

Àánú ṣe Rose débi pé inú ń bí i. Ọdún tó ti lò nínú iṣẹ́ yìí, àwọn tó jalè tí wọ́n ní àwọn ò jí nǹkan kan ló mọ̀. Èyí tí kò jí nǹkan kan, tó sì fẹ́ kí wọ́n ṣe òun bí olè, kò tíì rí irú rẹ̀.

*

Ilé Ìyá Basit ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń rùn fún ọṣẹ dúdú tí ó ń tà. Mùínàt ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti bí ọmọ kan ṣoṣo yẹn, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ náà mọ́. Ìbùkúnọlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ké, ohùn rẹ̀ ti há.

"Kò gba ògì," ni Ìyá Basit wí kí Rose tó béèrè. "Ó máa gbà á. Ebi á kọ́ ọ. Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ṣé ó ti jẹ́wọ́?"

"Kò tíì sọ̀rọ̀, Ìyá. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ kú àfẹ́kù."

Ó gbé omi tútù fún Rose nínú kọ́ọ̀pù. Rose gbà á, ó gbójú sókè láti dúpẹ́, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ògiri. Wàláà kan wà níbẹ̀, wàláà tí wọ́n fi ṣe wàlímọ̀ Basit nígbà tó parí kéú. Wọ́n fi ọ̀dà pupa àti àwọ̀ ewé ṣe etí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Àárín rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí ìlà kan níbẹ̀.

"Wàláà yìí rẹwà o. Kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i ni?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú Ìyá Basit tú ká. "Ó wà tẹ́lẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́."

"Ẹ fọ̀ ọ́?"

"Nígbà tí wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ tán, tí gbogbo èèyàn lọ, mo gbójú sókè báyìí, mo rí i pé ìwé tuntun wà lára rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ mi ni. Mi ò lè ka kéú, ọ̀gá, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ ọmọ mi. Ó jọ pé ìgbà tó wá kẹ́yìn, tí mo lọ sọ́jà, ló kọ ọ́. Mo ní àṣé ó mọ̀ pé òun ń lọ! Àṣé ó kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sílẹ̀ fún mi!" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ilẹ̀ mọ́, mo bu omi sígbá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fọ̀ ọ́, mo da oyin sí i, mo mu ún. Mo kán díẹ̀ sí ọmọ yìí náà lẹ́nu. A kì í da omi wàláà nù nílé wa, mímu là ń mu ún, kí ọ̀rọ̀ náà lè wọnú ẹni. Mo ní bí n kò bá rí i mọ́, kí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbẹ̀yìn wà nínú mi."

Omi dúró sí ọ̀fun Rose. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò lọ.

Nílé Rose, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, fìlà ọkọ rẹ̀ olóògbé kan wà tó fi ọ̀rá dì kí òórùn rẹ̀ má bàa lọ. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Bí ẹnì kan bá sọ fún un pé ilé ayé òun wà nínú fìlà yẹn, tí òun sì ti fi ọwọ́ ara òun jó o, kí ni yóò ṣe?

Ó gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀, omi kún un síbẹ̀. Ó dìde, ó ní òun máa padà wá. Ìyá Basit tẹjú mọ́ kọ́ọ̀pù, ó tún tẹjú mọ́ ògiri.

*

"Mo ti rí wàláà," Rose sọ fún Haneefah.

Kò sí ẹlòmíràn nínú ọ́fíìsì. Fáànù ògiri ń yí, ó ń ké bíi pé ara ń ta á. Haneefah bojú sínú àtẹ́lẹwọ́, ó sunkún dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti mú un wá.

"Ó pín in sọ́nà méjì ni, mà," ni ó wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Ó ní kí wọ́lẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi, kí ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ Ìyá, kí olè tó bá rí ọ̀kan má rí èkejì. Ilé kéú kan náà la lọ, ó mọ̀ pé mo lè kà á. Ó ní kí n má sọ fún Ìyá, pé ẹ̀rù á máa bà wọ́n. Nígbà tó kú, mo ní ẹ jẹ́ kí àdúà ọjọ́ kẹjọ kọjá ná. Kí wọ́n má ní owó ni opó ń wá kiri, tí ilẹ̀ òkú kò tíì gbẹ. Ojúmọ́ tí mo fẹ́ ka ọ̀rọ̀ náà, mo kírun tán, mo jáde sí palọ̀ Ìyá. Mo rí wàláà tó fara ti ògiri, tó ń gbẹ. Ìyá jókòó tì í pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mà. Látìgbà tí Basit ti kú, ẹ̀rín tí mo kọ́kọ́ rí lẹ́nu wọn nìyẹn."

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgbọ́n ni Basit fi dènà olè, ó dènà ọlọ́pàá, ó dènà iná àti ikán. Ọmọ kéú ni, ọmọ ilé tí wọ́n ti ń mu omi wàláà ni, ó sì gbàgbé pé ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ nílé tiwọn, wọn kì í fi í pa mọ́.

"Ẹ má sọ fún wọn," Haneefah ń bẹ̀bẹ̀. "Bí wọ́n bá mọ̀ pé àwọn fúnra wọn ni, kò ní tán lára wọn."

"Ọmọ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọn ò ní fìyà jẹ ẹ́. Mo lè tọrọ ọmọ padà lọ́jọ́ kan. Èyí tí wọ́n mu yẹn, kò sẹ́ni tó lè bá wọn pọ̀ ọ́."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Basit ló dúró síbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wàláà lábẹ́ apá. Ó ti sáré, ó ń mí lókèlókè.

"Omi mi kò lọ lọ́fun yín, ọ̀gá," ni ó wí. "Ẹ wo wàláà, omi mi kò sì lọ mọ́. Mo dàgbà, mi ò gọ̀. Kí ló wà lára rẹ̀?"

Rose wo Haneefah. Haneefah mi orí, ó ń fi ojú bẹ̀bẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Arínúróde ti tú àṣírí lójú agbo, tí inú rẹ̀ sì dùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ṣùgbọ́n igbe ọmọ wà ní etí rẹ̀, aṣọ tó tutù láyà wà níwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jókòó." Ìyá Basit kò jókòó. "Kì í ṣe súrà. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélógún ni. Lẹ́tà kéú ló fi kọ Gẹ̀ẹ́sì."

Obìnrin náà kò ké. Ó fi ọwọ́ wá ògiri, ó sì sọ̀kalẹ̀ jókòó sórí sìmẹ́ńtì bí ẹni tí wọ́n ń rọra gbé kalẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí? Àwọn ọ̀rọ̀ náà?"

"Mẹ́ta péré ni mo mọ̀. Odò. Iyọ̀. Àkàbà."

"Odò, iyọ̀, àkàbà." Ó fọwọ́ kan ikùn ara rẹ̀. "Yàráábì! Ohun tí mo mu nìyẹn. Èmi ni mo jí owó ọmọ mi."

"Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ yìí, Ìyá."

Ìyá Basit yíjú sí Haneefah. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Àárọ̀ yẹn. Mo rí igbá lọ́wọ́ yín."

"Mo pè ọ́ lólè lójú gbogbo àdúgbò. Mo jẹ́ kí ọlọ́pàá fà ọ́ jáde nínú opó. Mo já ọmọ gbà lọ́mú rẹ. O mọ̀, o sì dákẹ́?"

"Ọ̀fọ̀ ló ń ṣe yín, mà."

Ìgbà yìí ni igbe bọ́ lẹ́nu ìyá. Igbe náà pọ̀ débi pé kọ́ńsítébù kan yọjú, Rose sì lé e padà. Ìyá Basit tú ọ̀já, ó gbé Ìbùkúnọlá lé Haneefah lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà wá ọmú kàn, ó sì dákẹ́. Rose fa fáìlì ẹjọ́ náà, ó kọ sí i pé kò sí ẹni tó jalè, ó sì pa á dé.

Ìyá Basit ti rí ìgò tàdáwà lórí tábìlì. "Tirẹ̀ ni?"

"Tirẹ̀ ni, Ìyá. Díẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀."

Ó gbé wàláà, ó tì í lọ síwájú Haneefah lórí ilẹ̀, ó gbé kálàmù lé e lórí.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n kọ. Kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ fún mi. Mi ò ní fọ̀ ọ́."

Haneefah fi ọwọ́ kan di ọmọ mú, ó fi èkejì kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì. Ìyá Basit gbé wàláà náà dìde, ó dúró síwájú fáànù tẹ́ṣàn, ó sì dì í mú síbẹ̀ títí tó fi gbẹ.